Ohùn Tíṣà Àjàmú Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀sán gangan, níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, ni olóògbé Tíṣà Àjàmú bá àwọn tó wá ṣàdúà fún un wí. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi iyọ̀ àti ata sí i jù. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Yàrá tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Kò síná láti àárọ̀. Áfà Yasir ń ṣàdúà lọ, àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Bó ṣe ní kí Ọlọ́run tẹ́ Tíṣà sí afẹ́fẹ́ rere, iná dé. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ aṣọ funfun yẹn. Ó dákẹ́. Ni ohùn olóògbé bá jáde ketekete:

"Kò rí bẹ́ẹ̀! Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀? Padà sẹ́yìn, kó o tún un ṣe!"

Áfà ló kọ́kọ́ dé títì. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá parí àdúà, ó ní, "Ẹni tó làdúà ti ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n tún wí?"

Zulfah, tó dàgbà jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nìkan ni kò sá. Ó ṣí aṣọ náà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó pòṣé, ó sì pe akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan níta. "Nnamdi! Iṣẹ́ tó o fi sílẹ̀ láìparí nìyí. O tún gbàgbé àmì ìparí!"

Tíṣà kì í ṣe àǹjọ̀nú o. Olórí kunkun ni. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Àpápá ló ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ àlòkù dànù, ó tọrọ ẹyọ kan, ó sì gbé e sórí rìn dé Ajégúnlẹ̀, nítorí tírélà ti dí gbogbo ọ̀nà pa. Kọ̀ǹpútà kan, akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ, iná kò sí. Tíṣà ní kò burú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni yóò ṣe kọ̀ǹpútà.

Á pín àṣẹ fún wọn nínú ọgbà, oníkálukú á máa ṣe tirẹ̀. "Kọ̀ǹpútà kì í méfò," ló máa ń sọ. "Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe nìkan ló ń ṣe. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín." Lọ́jọ́ kan ó ní kí wọ́n máa yí kànga po, kò sì sọ ìgbà tí wọn ó dúró. Ó lọ kírun alásàrì. Nígbà tó dé, wọ́n ṣì ń yí i po, ẹnu wọn pa mọ́, wọn kò ṣẹ́jú. Ìyá onílé ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbàdúà.

"Tíṣà, kí lẹ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ mu?"

"Mi ò fún wọn ní nǹkan kan, Mà. Wọ́n gbọ́ràn ni! Èmi ni mo ṣì í." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra pọfupọ́ọ̀fù fún gbogbo wọn.

Ìṣòro tó kù ni pé bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, èdè òyìnbó, ní àwọ̀ pupa, ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ jáde. Nnamdi á sì fa wáyà yọ. Ó ní, "Ó ń bú mi, Tíṣà, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe fún un."

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Bí wọn ó bá bú yín, kó jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀."

Ó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ebiere ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ tó ń bá ẹnìkan jà, kò sì sẹ́lòmíì níbẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo àṣìṣe ló ní èébú Yorùbá tirẹ̀, tó ń sọ ohun tó bàjẹ́ àti ibi téèyàn yóò wò. Tó o bá ṣe é dáadáa, kọ̀ǹpútà ò ní fọhùn. Bí iná bá sì lọ lórí iṣẹ́, ẹ̀rọ náà á tún un bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iná bá ti dé.

"Ẹ ò ní yìn wá ni?" ni Zulfah bi í.

"Mi ò rí ọ bú, kò tó ọ?"

Ohùn yìí ló wá ń ba Ebiere lẹ́rù lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń rẹ́ ilá, iná dé, ohùn náà ní, "Wá síbí!" Ó ti dáhùn pé "Mò ń bọ̀," ó ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá, kó tó rántí pé òun ti sin ọkọ òun. Ó ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Ìjọra pé kó wá nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà.

Zulfah fi ẹkún bẹ̀ ẹ́. "Mọ́mì, a ò ní tíṣà mìíràn. Bẹ́ ẹ bá nù ún, kíláàsì wa tán nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì wá ná."

Ó wá lóòótọ́. Kí ohùn náà má baà dẹ́rù bà á, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yẹ iṣẹ́ ara wọn wò fínnífínní. Zulfah tẹ tirẹ̀, yàrá pa lọ́lọ́. Ẹlòmíì tẹ tirẹ̀, kò sóhùn. Inú wọn ń dùn. Ṣùgbọ́n Ebiere ń sún mọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀, ó na etí, omi sì ti kún ojú rẹ̀. Ọkùnrin Ìjọra náà kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó lọ ṣí i.

"Nnamdi," ni Ebiere wí, jẹ́jẹ́.

"Mà?"

"Jọ̀ọ́, ọkọ mi. Ṣì í ṣe fún mi."

Nnamdi pa gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí òfo, àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní kíláàsì yẹn. Ẹ̀rọ náà kùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn tí wọn kò gbọ́ rí jáde, ó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ:

"O ò kọ nǹkan kan? Á jẹ́ pé ebi ń pa ọ́ nìyẹn. Lọ bá Ebiere. Ó máa ń fi ẹja pamọ́ sísàlẹ̀ ìkòkò, ó rò pé mi ò mọ̀."

Ebiere pariwo, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pa pọ̀. "Ó mọ̀!" ló ń wí. "Ọkùnrin yìí mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá!" Ó nu ojú rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin Ìjọra, ó ní kò síṣẹ́ mọ́, àmọ́ kó wọlé wá jókòó. Ó sì kọjá sí ilé ìdáná lọ gbé ìkòkò kaná.