Alágbàfọ̀ Tó Kọ Ojú Títì Sílẹ̀

Láyé ìgbà tí aṣọ fífọ̀ ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, onílé sọ fún alágbàfọ̀ kan pé òun fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù tó ń lò. Obìnrin náà kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn: níbo ni yóò kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ tí kò fi ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ta bàtà lójú títì, ti bá a rí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

"Ibi tí èrò ń gbà ni ajé ń gbà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Àbí inú kọ̀rọ̀ lo fẹ́ lọ lúgọ sí bí ẹni tó jalè?"

Alágbàfọ̀ ní kí òun dán an wò ná. Ó fọ aṣọ funfun méjì, ó sá ọ̀kan síwájú yàrá ojú títì, ó sá èkejì sí àgbàlá kan tó ṣófo lẹ́yìn títì, níbi tí kànga wà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, eruku ti sọ ti ojú títì di ẹ̀wù bíríkìlà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Bí eruku bá bo bàtà, ẹ ó nù ún. Aṣọ oníbàárà ńkọ́?"

Àgbàlá ẹ̀yìn ló gbà. Ṣùgbọ́n àárọ̀ nìkan ló fi dán an wò. Ìgbà tó kó débẹ̀ tán ló tó rí i pé bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, òjìji ilé alájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ a bo gbogbo àgbàlá. Aṣọ kò gbẹ dáadáa mọ́. Oníbàárà kan fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan imú, ó sì dá a padà.

"Yàrá yẹn ṣì ṣófo o, olóríkunkun," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ jẹ́ kó ṣófo. Mo ní omi, mi ò ní eruku. Oòrùn ló kù, mo sì mọ ibi tó wà."

Ó gbéra, ó lọ bá bàbá onílé alájà, ẹni tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Bàbá, ilé yín ti gba oòrùn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lórí rẹ̀."

"Èmi ni mo wá di olè oòrùn?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ó dáa, máa bá mi fọ kọ́tìnnì, ìjà ti parí."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bá a gbé abọ́ aṣọ gun àtẹ̀gùn. "Orúnkún mi o! Ta ló ń ṣòwò lójú ọ̀run?"

"Ẹ rọra, ẹ má jẹ́ kó kan ògiri."

Ṣẹ́ẹ̀tì tó tún fọ̀ gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún oníbàárà náà. Ọkùnrin náà fi kan imú, ó wọlé, ó sì kó aṣọ ìdọ̀tí jáde fún un.