Ẹsẹ̀ Ṣòkòtò Lórí Ọparun

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ni màá tọ́ka sí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Ní ọdún díẹ̀ kí òyìnbó tó gbé ìjọba lé wa lọ́wọ́, tíṣà kékeré ni mí ní Ìkòròdú. Orílẹ̀-èdè wa kò tíì ní ọmọ ogun òfurufú tirẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní Ìpakodò tó ti bá òyìnbó tọ́jú bàlúù nígbà ogun ńlá. Ọ̀gá Sójà là ń pè é. Ó máa ń sọ pé, "Òmìnira ń bọ̀. Tó bá dé, ta ni yóò máa ṣọ́ ojú ọ̀run wa? Ẹni tó máa jagun lọ́la kì í dúró dọ̀la kó tó pọ́n idà."

Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, àwa ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún máa ń pàdé rẹ̀ ní pápá kan létí ọ̀sà. A óò yan bí ológun títí òógùn yóò fi bò wá, lẹ́yìn náà a óò jókòó sábẹ́ igi àgbọn, a óò máa ṣe ìṣirò. Ó fi ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe bàlúù kan fún wa, ó gùn tó ọkọ̀ apẹja. Ó tún gé ẹsẹ̀ kan lára ṣòkòtò kákí tó wọ̀ lójú ogun, ó so ó sórí ọparun gíga, kí a lè máa fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà tó ń kọ́ni ní títún bàlúù ṣe. Wọn kì í gba ẹni tí kò bá mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Tèmi wá le ju ti àwọn yòókù lọ: tí ọdún yẹn bá fi kọjá, ọjọ́ orí mi á ti ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ. Bí n kò bá rí ìwé gbà lọ́wọ́ Ọ̀gá Sójà, ó parí nìyẹn.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Olúkúlùkù ni yóò pàṣẹ fún àwọn yòókù láti gbé bàlúù ọparun síbi tó ti máa gbéra. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an, ó na ẹsẹ̀ ṣòkòtò tààrà sí ọ̀nà ọ̀sà. Mo gbóhùn sókè: "Ẹ kọ imú rẹ̀ sí ọ̀sà! Kí afẹ́fẹ́ tì í lẹ́yìn!"

Ọ̀gá Sójà wò mí. "Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Bàlúù mélòó ni bàbá rẹ ní?"

"Ọkọ̀ ìgbòkun ni, sà."

Ẹ̀rín sọ. Ọmọ Ìgbògbò kan tó wà láàárín wa ní, "Ọ̀gá, ẹ fún un ní àjẹ̀, á tù ú dé ọ̀run!"

Ọ̀gá Sójà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí imú bàlúù sí ìgboro, kí ó kojú afẹ́fẹ́. "Báyìí ló ń gbéra. Ẹ padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ má há a sórí fún mi o, ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìdí, n kò ní fi ẹ̀mí ẹlòmíràn lé e lọ́wọ́."

Ilé ìwé wà ní ìsinmi, ni mo bá gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni, wọ́n ń rán ìgbòkun wọn tó ya. Mo bi wọ́n ní ìdí tí bàlúù fi ń kojú afẹ́fẹ́ kó tó gbéra.

"Kojú sí afẹ́fẹ́ kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ló fẹ́ padà sí."

"Ọ̀gá wa ló sọ ọ́, Bàbá."

"Ọ̀gá yín dàgbà ju afẹ́fẹ́ lọ ni?"

Wọ́n mú tẹ̀sùbáà wọn. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn tí mo bá ti dárúkọ bàlúù.

Ní ọjọ́ kẹta tí í ṣe ọjọ́ ọjà Èjìnrìn, a kó ẹní àti ẹja gbígbẹ sọ́kọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ọyẹ́ wà lẹ́yìn wa, ìgbòkun kún dáadáa. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a débẹ̀, agbo lékeléke kan dúró lórí iyanrìn níwájú wa. Bí wọ́n ti rí wa, ẹ̀rù bà wọ́n. Ó yẹ kí wọ́n kẹ̀yìn sí wa, kí wọ́n sá. Àmọ́ ọ̀dọ̀ wa gan-an ni wọ́n kọjú sí! Wọ́n na ìyẹ́, wọ́n gbéra, ìgbà tí wọ́n gòkè tán ni wọ́n tó yí padà, tí wọ́n sá lọ.

"Bàbá, ṣé ẹ rí wọn?"

"Láti kékeré mi ni mo ti ń rí wọn." Wọ́n ń fi ojú bá àwọn ẹyẹ náà lọ. "Ṣùgbọ́n n kò rò ó rí. Ọkọ̀ tiwa, títì ni afẹ́fẹ́ ń tì í. Àwọn yẹn, wọ́n fẹ́ kó gba abẹ́ ìyẹ́ gbé wọn ni." Wọ́n tutọ́ sómi. "Ọ̀gá yín gbọ́n díẹ̀."

Sátidé dé. Ọyẹ́ ti lọ, afẹ́fẹ́ òkun ti dé, ó sì na ẹsẹ̀ ṣòkòtò sí ọ̀nà ìgboro. Ọmọ Ìgbògbò ni wọ́n kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ náà. Kò tilẹ̀ wòkè. "Imú sí ìgboro!" ló ké, gẹ́gẹ́ bí a ti fi hàn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Lọ jókòó," ni Ọ̀gá Sójà wí.

Ó kàn mí. Mo wo òkè, mo ní kí wọ́n kọ imú rẹ̀ sí ọ̀sà, mo sì ròyìn lékeléke láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan ọ̀rọ̀ bàbá mi. Ọ̀gá Sójà bú sẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ọdún tí mo fi wà lójú ogun, àṣẹ ni wọ́n ń pa fún mi, ẹnìkan ò sọ ìdí. Kí bàbá rẹ fún mi."

Orí itan rẹ̀ ló ti kọ ìwé náà. Èémí tí mo mí lọ́jọ́ náà, bí ẹni sọ ẹrù tó ti rù fún ọ̀sẹ̀ kan kalẹ̀ ni.

Mo mú ìwé náà délé. Bàbá mi yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọn ò mọ̀wé. "Ìgbà wo ni wọ́n máa wá gbé ọ fò?"

"Èmi kọ́ ló máa fò, Bàbá. Ilẹ̀ ni màá wà, tí màá máa tún un ṣe."

"Ilẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá."

"Alhamdulillahi! O ò sì sọ! Láti oṣù mẹ́ta, bí mo bá ti rí ẹyẹ lókè báyìí, tẹ̀sùbáà ni màá sáré mú." Wọ́n yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n pe ìyá mi pé kí wọ́n bu ẹja sí i.