Ẹṣin Tí Gbogbo Àdúgbò Ń Bọ́

Mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ tààrà: ìfẹ́ lásán, ìfẹ́ ojúlówó tí kò ní àrékérekè kankan nínú, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹṣin Bàbá Àgbà ní Ìlọra, ó sì kù díẹ̀ kí Bàbá Àgbà fúnra wọn tẹ̀ lé e. Tí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣùgbọ́n títí di òní, tí mo bá gba ẹ̀yìn ilé kan kọjá, tí mo gbóòórùn èèpo ọsàn tó ti ń kan, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn koríko àti ìtọ̀ ẹran, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ tutù kí ẹ̀rín tó dé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Àgbà. Díákónì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè mọ́gàjí agbo ilé wa nígbà náà. Wọ́n wá pinnu pé ẹṣin làwọn máa gùn lọ síbi ìsìn ìdúpẹ́. Kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe ọ̀kadà. Ẹṣin. Mo ní, "Bàbá, eékún yín ńkọ́?" Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé eékún ni mo fẹ́ fi jókòó lé e ni?" Wọ́n rán ènìyàn lọ rà á wá láti òkè Ọya, ẹṣin pupa kan tó ní ìlà funfun tóóró níwájú orí. Nítorí pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Fìdítì, èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó oúnjẹ rẹ̀. Èmi tí ẹran tó tóbi jù tí mo tíì bọ́ rí kò ju ewúrẹ́ ìyàwó mi lọ.

Mo ka ìwé, mo sì bi àwọn tó máa ń gun ẹṣin lọ́dún Iléyá. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: koríko ni oúnjẹ ẹṣin, kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Omi tó mọ́. Iyọ̀ tí yóò máa lá. Ọkà ńkọ́? Díẹ̀, bí ẹni bu ẹran sórí ọbẹ̀, kì í ṣe bí ẹni ń bu òkèlè. Níwọ̀n ìgbà tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀, ara ẹṣin náà ń dán bí bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Ṣùgbọ́n o mọ àwọn ènìyàn wa. Àlejò kì í wọ agbo ilé kí wọ́n máà gbé oúnjẹ pàdé rẹ̀, ẹṣin olóyè tuntun sì kúrò ní àlejò kékeré. Obìnrin kan gbé àgbàdo wá. Òmíràn gbọ́, ó gbé ọkà bàbà wá kí tiẹ̀ má baà kéré. Àwọn tó ti Fìdítì wá kí Bàbá Àgbà kú oríire ru ọsàn wá, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì fún un, bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ibi tí wàhálà wà sì nìyí: ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá kì í lọ títí yóò fi rí i pé àlejò fi kan ẹnu. Tí o bá ní rárá, o ti pè é ní olóró nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà á sì pẹ́ nílẹ̀ ju oyè fúnra rẹ̀ lọ.

Mo gbìyànjú o. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ti yó." Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wa, opó kan tó ń yan gàrí, wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin tí ikùn yín rí báyìí, ta ló ti sọ fún yín rí pé ẹ ti yó?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà ní kí n kúrò lọ́nà. "Tíṣà, má fi ọ̀rọ̀ inú ìwé bà mí lórúkọ jẹ́." Mo kúrò lọ́nà. Ẹṣin náà ń jẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni nǹkan yí padà. Àwọn ará àdúgbò tó jẹ́ Mùsùlùmí ti lọ kírun, gbogbo ilé dákẹ́. Opó náà gbé àgbàdo rírẹ tó pò mọ́ ẹ̀wà wá nínú abọ́ páànù ńlá, ẹṣin jẹ ẹ́, ó lá abọ́ náà mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí fi pátákò wa ilẹ̀. Ó yí orí padà, ó wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́yìn. Ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀. Abẹ́ igi ló wà, síbẹ̀ òógùn ń kán lára rẹ̀ tó tó. Mo gbé etí lé ikùn rẹ̀. Ikùn ẹṣin kì í dákẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ tó ń kùn bí odò tó ń gba orí àpáta kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìkòkò tó dákẹ́ lórí iná tó ń jó, ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó dára.

Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, jáde wá wò ó. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀: "Ẹṣin tó bá kú kí olówó rẹ̀ tó gùn ún, ó lọ tún ọ̀nà ṣe dè é ni."

Fèrèsé pálọ̀ ṣí sílẹ̀. Bàbá Àgbà gbọ́. Mo retí kí wọ́n bínú, nítorí mo ti gbọ́ tí wọ́n ń wàásù tako irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n ṣí fìlà oyè tuntun kúrò lórí, wọ́n gbé e ka orí àga bí ẹni ń dá ẹrù olóhun padà, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. "Ẹ má gbé oúnjẹ wá fún mi. Ìgbà tó bá jẹun ni màá jẹun." Àtọ̀gbẹ wà lára Bàbá Àgbà. Òògùn wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò láìjẹun, ara wọn kì í sì í ṣe èyí tó lè fi ebi sùn.

Níta, kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó bọ́ ẹṣin kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú ń yí lọ sọ́dọ̀ opó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbá abọ́ òfìfo rẹ̀ mọ́ àyà. Igún kan bà sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Igún ti máa ń bà síbẹ̀ tipẹ́, ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Mo pe dókítà ẹran kan tó wà ní Jóbèlé. Ọ̀kadà ló gùn dé, obìnrin ni, kò tiẹ̀ kí wa tán tó fi ká ètè ẹṣin sókè wo èrìgì rẹ̀, tó sì gbọ́ ikùn rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní, "Dókítà, ta ló fún un ní májèlé jẹ?"

Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo abọ́, ó wo òkìtì èèpo ọsàn. "Gbogbo yín ni, mà."

Abọ́ páànù bọ́ lọ́wọ́ opó náà, ó ró gbọ̀nrangandan lórí ilẹ̀. Dókítà ní ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá ti gbé mì kò ní ọ̀nà àbọ̀. Ọkà tó ti wú ló kún inú rẹ̀, ó ń kan níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ ikùn rẹ̀. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ti rọ́bà gba ihò imú rẹ̀, ó fi da òróró sí i nínú. "Ẹ máa mú un rìn. Ẹ má jẹ́ kó yí gbiri nílẹ̀. Tí kò bá tíì yàgbẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ gbà pé ó ti lọ."

Èmi àti opó náà la jọ mú un rìn, láti ẹ̀yìn ilé dé ojú títì, láti ojú títì padà sẹ́yìn ilé. Ní ìlú tí wọ́n ti lè kí òpó iná, kò sẹ́ni tó kí wa. Mo gbọ́ tí obìnrin náà ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Jọ̀ọ́, má sọ mí di apànìyàn. Oúnjẹ ni mo fún ọ. Oúnjẹ náà ni." Oòrùn ń pọ́n. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá kọjá lábẹ́ fèrèsé Bàbá Àgbà, mo máa ń tẹ́tí sí yàrá náà, lẹ́yìn náà mo máa ń tẹ́tí sí ikùn ẹṣin. Méjèèjì dákẹ́.

Wọ́n ń pe ìrun àṣálẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ nǹkan kan nínú lọ́hùn-ún, bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń wọ́ nínú ilé tó jìnnà. Ẹṣin náà dúró. Ó gbé ìrù sókè. Mi ò ní ṣàlàyé ìyókù fún ọ, ṣùgbọ́n opó náà kúnlẹ̀ síwájú ìgbẹ́ ẹṣin, ó ń sunkún. Mo ti jókòó nínú ìsìn ìdúpẹ́ púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó ti ọkàn wá tó bẹ́ẹ̀. Mo sáré lọ sábẹ́ fèrèsé.

"Bàbá, ó ti yàgbẹ́ o!"

Ohùn wọn ti inú yàrá wá: "Ṣé ó pọ̀?"

Koríko ẹ̀kúnwọ́ kan ni dókítà gbà fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n bá àwọn bó ẹ̀kọ kan, ẹyọ kan péré.

Ìdúpẹ́ náà sún síwájú, wọ́n sì gun ẹṣin náà níkẹyìn, teékún-teékún. Ṣùgbọ́n ohun tó kù sí mi lọ́kàn kì í ṣe gígùn yẹn. Mo ti wá rí i pé a kì í sábà bi ẹni tí a fẹ́ràn bóyá àyè ṣì wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ nìkan kọ́. Ìmọ̀ràn ńkọ́, àbẹ̀wò ńkọ́, àdúrà tí a ń gbà lé ènìyàn lórí títí ọrùn á fi ro ó? A máa ń dúró wò ó títí yóò fi gbé e mì, kí ọkàn tiwa lè balẹ̀. Ẹni tí kò lè bì í jáde ni mo sì máa ń bẹ̀rù fún jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹṣin náà yàgbẹ́, ariwo géètì ló jí mi. Mo ṣí i. Àwọn obìnrin àdúgbò ló tò dé ojú títì, kálukú pẹ̀lú abọ́ lórí. Wọ́n ní, "A wá kí ẹṣin kú ewu ni o!" Lẹ́yìn mi, ẹṣin gbọ́ ìró abọ́, ó yán. Mi ò lè lé wọn, mi ò sì lè jẹ́ kí wọ́n wọlé. Mo bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ gbé e wá. Èmi lẹnu rẹ̀ lónìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Wọ́n dúró kí wọ́n lè rí i. Mo jẹ àgbàdo, mo jẹ ẹ̀wà, mo mu ọsàn, mo tún jẹ àgbàdo, títí ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í láàgùn lábẹ́ igi kan náà.

Orí bẹ́ǹṣì ni mo dùbúlẹ̀ sí nígbà tí Bàbá Àgbà jáde wá, fìlà oyè wà lórí wọn. Wọ́n tẹ eékún aláìsàn yẹn wálẹ̀, wọ́n gbé etí lé ikùn mi, wọ́n sì tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ó dákẹ́," Bàbá Àgbà ní. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Dìde, Tíṣà. Jẹ́ ká máa rìn."