Simfónì Kẹsàn-án Tí Mo Sá Fún

Bàbá mi kì í kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó gbé ohùn rẹ̀ wá, pé ìka kò ní ohùn. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí fóònù mi dún nínú yàrá àwọn olùkọ́ níléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Emùré, lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, tí mo sì rí i pé àwọn ló kọ̀wé. Ohun tí wọ́n kọ kò ju ìlà kan lọ: "Wá yan ọ̀kan nínú simfónì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n fún ọ. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Olùkọ́ tó jókòó tì mí wo ojú mi, ó béèrè pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Bàbá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni lórin níléèwé girama kan ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa títí di Àjíǹde tó kọjá, nígbà tí wọ́n kàn dìde lọ́jọ́ kan pé kí àwọn ọ̀dọ́ máa bá a lọ. Orin tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé ni simfónì mẹ́sàn-án tí òyìnbó kan kọ, ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wọn. Orin gígùn ni, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń fi fàyólìn àti fèrè àti ìlù lù ú pa pọ̀. Mẹ́jọ nínú wọn kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu kankan. Ìkẹsàn-án nìkan ni ẹgbẹ́ akọrin ti máa ń dìde lápá ìparí, tí wọ́n á la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ṣí òrùlé ilé. Bàbá mi ní àkójọ mẹ́ta tí àwọn olórin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti lu mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àwọn ni wọ́n ń pè ní simfónì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkíní jẹ́ àwo orin dúdú nínú páálí ńlá kan, ọwọ́ òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sílé ni wọ́n ti rà á n'Íbàdàn kí wọ́n tó gbé ìyá mi níyàwó. Èkejì jẹ́ káséètì. Ẹ̀kẹta jẹ́ sídì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Kánádà. Orin kan náà ni, ọwọ́ adarí àwọn olórin ló yàtọ̀, bí ìgbà tí obìnrin mẹ́ta bá se ẹ̀gúsí kan náà.

Láti kékeré ni mo ti ń tọrọ ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ orin, kí n wá jókòó ti àwọn. Ẹ wá sọ fún mi, kí ni kí n rò nígbà tí wọ́n sọ lójijì pé kí n wá mú un lọ?

Ohun tí mo rò ni ìyá ìyá mi. Ilé wọn ní Emùré kò jìnnà sí iléèwé wa. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé gíga, wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n kó ìró aṣọ òkè méjì fún mi, mo dúpẹ́, mo ká a sínú báàgì, mo gbé e lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi sin wọ́n. Àwọn àbúrò wọn bá mi wí gan-an lọ́jọ́ ìsìnkú náà. Wọ́n ní nínú ilé tiwọn, bí àgbà bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ẹrù rẹ̀, èèyàn kì í gbà á kúrò nílé. Wọ́n ní ṣe ni wàá ní kí wọ́n ṣì máa bá ọ tọ́jú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àgbà bá ṣì ń bá ọmọ tọ́jú ẹrù, àgbà náà ò ní lè rìnrìn àjò. Gbogbo ogún ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń gbé ìró méjì yẹn kiri bí ẹ̀sùn, mi ò sì ró o rí.

Ọjọ́ Sátidé ni mo dé Ìkẹ́rẹ́. Abẹ́ àpáta Olóṣùnta ni ilé wa wà, àpáta náà sì ní ìwà kan tó máa ń bà mí lẹ́rù ní kékeré: bí ẹ bá pe èèyàn lẹ́yìnkùlé, òun náà á bá yín pè é. Bàbá mi ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e bí ẹni tó to ẹrù òkú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Wọ́n ti rù. Wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu mi nígbà tí mo kí wọn, wọn ò tètè dáhùn.

Kí n má parọ́, mo ti múra ẹ̀tàn sílẹ̀ kí n tó kúrò ní Emùré. Mo ní èèyàn ò lè fi ìkánjú yan irú nǹkan báyìí. Mo ní kí á máa gbọ́ simfónì kan ní Sátidé kan, láti ọwọ́ adarí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí a ó fi gbọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, lẹ́yìn náà ni mo máa yàn. Mo rò pé inú á bí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ka ìka wọn títí dé mẹ́sàn-án.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án," ni wọ́n wí. "Ó yẹ kó tó."

Ta ló sọ fún wọn iye tó kù?

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé mo gbádùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀. Adarí inú àwo dúdú jẹ́ arúgbó, ó ń rọra gbé orin náà bí ẹni tó ru ìkòkò omi sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Ti inú káséètì ń sáré, mo sọ fún bàbá mi pé ọkùnrin yìí ń fìyà jẹ àwọn tó ń fọn fèrè, kò jẹ́ kí wọ́n mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ti inú sídì mọ́ tónítóní, kò sí àbùkù kan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí mo rántí nínú rẹ̀ bí mo bá délé. Bàbá mi máa ń ní kí n gbé ohùn sókè sí i. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti ń rẹ̀. Wọ́n gbé àga wọn sún mọ́ sípíkà, wọ́n fi apá ọ̀tún sí i, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ìyá mi kì í bá wa jókòó. Wọ́n á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á wò wá, wọ́n á padà sínú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá mi tún sọ fún mi pé ẹni tó kọ orin yìí kò gbọ́ ìkẹsàn-án tí òun fúnra rẹ̀ kọ, pé etí rẹ̀ ti di kó tó parí rẹ̀. Mo ní wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí. Wọ́n tún gbé àga wọn sún mọ́ sípíkà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn náà ni ti ikọ́. Nínú àwo dúdú, níbi tí orin ìkẹta ti rọlẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ dà bí ìsìnkú, ẹnì kan láàárín àwọn tó wá wòran wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láti kékeré mi, gbogbo ìgbà tí a bá dé ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń na ìka sókè kí ikọ́ náà tó dún. Wọ́n á ní ẹni yẹn á ti kú tipẹ́, ikọ́ rẹ̀ ló kù láyé. Lọ́jọ́ yẹn, ikọ́ náà dún, ìka kò gbéra. Mo yíjú wò wọ́n. Ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wo ògiri. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti ń bá ẹni tó wúkọ́ náà sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo nǹkan ni mo ń rí bí àmì. Mo kí wọn láti ẹ̀yìn wọn lọ́sẹ̀ kẹfà, wọn ò dáhùn rárá. Ní ilé tiwa, wọ́n gbà pé àgbà tí kò dáhùn ìkíni ní àwọn mìíràn tó ń kí i. Wọ́n kó ìwé orin wọn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn wọn ga nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá wà ní òdìkejì odò. Aládùúgbò wa wá bẹ̀ wá pé kí á dín orin kù, bàbá mi sì ń wo ọkùnrin náà tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n ní kí n gbé ohùn sókè sí i.

Nígbà tí a parí ìkẹjọ, wọ́n sìn mí dé ibi tí mo ti ń wọ mọ́tò, ohun tí wọn kì í ṣe. Wọ́n di ọwọ́ mi mú lójú títì.

"Ìkẹsàn-án ló kù," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ. Má ṣàì wá."

Mo ní màá wá. Nínú mọ́tò, mo sunkún dé Emùré, nítorí mo ti pinnu pé mi ò ní lọ. Bí a bá gbọ́ ìkẹsàn-án, mo gbọ́dọ̀ yàn. Bí mo bá yàn, mo gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Bí mo bá gbé e lọ, bàbá mi ò ní ẹrù kankan tí wọ́n ń bá mi tọ́jú mọ́. Mo tún gbójú débi pé mo ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Sátidé kìíní, mo ní mò ń máàkì ìwé ìdánwò. Ìkejì, mo ní òjò ba ọ̀nà jẹ́. Ìkẹta, ìpàdé àwọn òbí. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni bàbá mi ń kọ̀wé: "Ṣé o ń bọ̀?" Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń dá wọn lóhùn pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó di Sátidé karùn-ún, ìwé náà kò wá. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo tún ń yọ̀ lábẹ́ ẹ̀rù náà pé ọ̀sẹ̀ mìíràn ti kọjá tí wọ́n ṣì wà láyé.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, ìyá mi fúnra wọn wá sí iléèwé wa. Mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Bàtà wọn kún fún ẹrẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń sá fún nínú ilé. Mo la ẹnu, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìró méjì yẹn títí dé orí ikọ́. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin.

"Ukú kọ́," ni wọ́n wí. "Etí bàbá rẹ lí ó kú."

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi. Kí Àjíǹde tó dé ni dókítà kan ní Adó ti sọ fún bàbá mi pé etí òsì ti lọ, pé ọ̀tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pé bóyá ni òjò ọdún yìí á fi dá kó tó di pátápátá. Bàbá mi mú kí ìyá mi búra pé wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì wọ́n. Ẹni tó fi etí jẹun láti ìgbà èwe, tó ń lé ọmọ jáde nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí pé ohùn rẹ̀ yà díẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun ò gbọ́ mọ́? Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ ni kí n wá yan orin náà nígbà tí àwọn ṣì lè gbọ́ ọ pẹ̀lú mi.

Mo béèrè bó ṣe wà nísinsìnyí. Ìyá mi ní lọ́jọ́ Ìsinmi, ìkòkò irin bọ́ lọ́wọ́ àwọn lẹ́yìn bàbá mi gan-an. Wọn ò yíjú.

Mi ò dúró gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé. Oòrùn ṣì mú nígbà tí a dé Ìkẹ́rẹ́. Bàbá mi wà lórí àga wọn, apá ọ̀tún sí sípíkà tí kò sọ̀rọ̀, aṣọ funfun ṣì wà lórí tábìlì. Mo lọ dúró síwájú wọn kí wọ́n lè rí mi, mo kúnlẹ̀. Inú wọn dùn. Wọn ò bi mí nípa òjò tàbí ìdánwò. Wọ́n kàn nawọ́ sí orí tábìlì.

Àwo dúdú ni mo mú. Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní pé òun ni. Mo fi ìkẹsàn-án sórí ẹ̀rọ, mo gbé ohùn sókè dé ibi tó lè dé. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara sípíkà, wọ́n di ojú, mo sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo yí àwo náà padà lẹ́ẹ̀kan, mo tún fi àwo rẹ̀ kejì sí i, wọn ò la ojú. Mo wá rò ó nínú ọkàn mi pé bóyá Ọlọ́run ti ṣàánú mi, pé bóyá wọ́n ń gbọ́.

Ẹgbẹ́ akọrin dìde. Gbogbo wọn la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, ṣíbí ń gbọ̀n nínú ife lórí tábìlì, àpáta lẹ́yìnkùlé gba ohùn wọn, ó sì ń jù ú padà sí wa. Ìyá mi bo etí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Nígbà náà ni bàbá mi la ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi, wọ́n fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tí wọ́n máa ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì béèrè lọ́wọ́ mi pé:

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo mi orí pé rárá. Mo dìde, mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, mo wá àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, mo sì tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo gba ọwọ́ wọn, mo ń fi ìka mi lu orin náà sí àtẹ́lẹwọ́ wọn.