Àwòrán Tí Safurat Fi Wá Ìrànlọ́wọ́

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò rán kọ́là ẹ̀wù tó dúró ṣánṣán fún yín ní Ajégúnlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Safurat ní Tolu ni kí ẹ lọ. Obìnrin náà mọ iṣẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ṣe ń rí ire ẹlòmíràn kí inú ẹni má gbóná, pàápàá bí ẹlòmíràn náà bá jẹ́ Ewoma.

Safurat ni sẹ́níọ̀ Ewoma nígbà tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mádáàmù kan ní Boundary. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Lónìí, Ewoma ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn iléeṣẹ́ ní Àpápá, àwọn tó ń já ẹrù ní Kirikiri sì ń wọ aṣọ tó rán kọjá níwájú Safurat láràárọ̀. Safurat a máa tu ara rẹ̀ nínú pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n àkísà kọ́ ni àwọn oníbàárà ń wá. Ìlara ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé nǹkan mìíràn ni.

Nígbà tó gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan ní Àpápá ń wá télọ̀ tuntun, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ó ní òun náà yóò forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kún fọ́ọ̀mù tán, fọ́ọ̀mù kọ̀, kò lọ. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí wọn yóò ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ ti fẹ́ dé. Àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ Ewoma wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí Ewoma wá gbọ́ pé fọ́ọ̀mù lásán dá sẹ́níọ̀ òun dúró? Ó sàn kí òun pàdánù iṣẹ́ náà.

Ló bá sọ ara rẹ̀ di Màmá Ṣọlá, ará Ìkòròdú, nínú ẹgbẹ́ náà. Ó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi dúdú pa orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó wà nínú fọ́ọ̀mù rẹ́, ó gbé e síwájú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n gba òun. Ó rò pé òun gbọ́n. Ètè ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Lókè àwòrán náà, níbi tí kọ̀ǹpútà ń to gbogbo ojú ìwé téèyàn ṣí sí, orúkọ ṣọ́ọ̀bù Ewoma ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè tí Safurat ti ń bi íńtánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀: "Báwo ni Ewoma ṣe ń rí oníbàárà?" Ní igun kan, fọ́tò Safurat fúnra rẹ̀ wà nínú róbótó kékeré, ó we gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ dún. Ewoma ló kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀.

"Sista Safu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fọ́tò yẹn kíá, before people go see am. Ojú yín wà lókè níbẹ̀. Ẹ ṣí wíńdò ìkọ̀kọ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín, èyí tí kò mọ̀ yín, tí kò sì ní nǹkan àtijọ́ tó lè dí fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, kí ẹ fi kún fọ́ọ̀mù yẹn, ó máa lọ. Tí ẹ bá tún fẹ́ béèrè nǹkan, inú ìyẹn ni kí ẹ ti máa ya fọ́tò. No wahala, Sista."

Kò sọ nǹkan kan nípa orúkọ ara rẹ̀ tó rí níbẹ̀.

Safurat yọ àwòrán náà. Ojú tì í débi pé ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ó ṣí wíńdò tí kò mọ̀ ọ́n, fọ́ọ̀mù sì lọ. Ó yẹ kó dúpẹ́, àmọ́ ohun tó ń rò ni pé ọmọ yìí tún ju òun lọ nínú ìwà. Ìyẹn dùn ún ju ọ̀rọ̀ yunifọ́ọ̀mù lọ.

Nínú wíńdò yẹn náà, ọwọ́ rẹ̀ tún tẹ orúkọ Ewoma. Ewoma ti kọ nǹkan tuntun sí ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Iṣẹ́ tí mo gbà pọ̀ ju ọwọ́ mi lọ. Kọ́là ń dà mí láàmú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rán dáadáa, abeg, kó wá ràn mí lọ́wọ́."

Inú Safurat tún gbóná. Báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ ní gbangba báyìí, tí ayé ò sì wó lé e lórí?

Ojú ìwé náà ní ẹni tó bá fẹ́ fèsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́. Safurat padà sí wíńdò tó mọ̀ ọ́n, fọ́tò onígèlè náà sì yọjú ní igun rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Èmi Safurat ni. Ìwọ náà mọ̀ pé mo mọ kọ́là rán jù ẹ́ lọ. Mò ń bọ̀ lọ́la."