Kíkùn Kan Ṣoṣo Tí Olówòkéré Kò Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ orin Alájì Sùlèímánì ní Etikan kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Alájì rò pé ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan ló ń bọ̀. Ó bọ́ síta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ọkọ̀. Ó padà wọlé. Ùùùn náà jókòó sínú sípíkà bí àlejò tó ti jẹun yó. Nígbà tó di ọ̀sán, ó dákẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kò sì bọ̀wọ̀ fún àsìkò ìrun.

Khalidat, ìyàwó Alájì, ní àlùjànnú ni. Wọ́n pe ààfáà. Ààfáà gbàdúrà láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí, kíkùn náà sì dákẹ́ lóòótọ́. Wọ́n fi adìyẹ méjì dá a lọ́lá, ó wọ ọkọ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni kíkùn padà dé. Nígbà tí wọ́n fi máa bá ààfáà, ó ti jẹ ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ náà.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Olówòkéré ní Zion Pepe, ẹni tó máa ń tún ẹ̀rọ tó bá ń kùn ṣe. Olówòkéré kò ṣí ẹ̀rọ, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó sọ ohun tó máa ń sọ ní gbogbo ilé tó bá wọ̀: "Ẹ dákẹ́, kí n gbọ́." Wọ́n dákẹ́, ó gbọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó kọjú sí omi. Ó jẹ oúnjẹ Khalidat, ó bu sí i. Ara Alájì kò gbà á mọ́.

"Olówòkéré, inú ilé ni ẹ̀rọ wà o. Ìta lò ń wò."

"Mo mọ̀."

"Kí lò ń wò níbẹ̀?"

"Ọkọ̀ rẹ. Nígbà tí mo dé, orí ẹrẹ̀ ló jókòó sí. Ó ti léfòó báyìí. Gbọ́ ẹ̀rọ rẹ wò."

Alájì tẹ́tí. Ẹ̀rọ ti dákẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní wáyà kan tí wọ́n ń pè ní wáyà ilẹ̀. Iná tó bá ṣìnà nínú ẹ̀rọ, òun ló máa sìn ín wọ ilẹ̀ lọ. Ní ibi tí ilẹ̀ wà, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tiwa, omi ni. Ẹni tó bá Alájì so ẹ̀rọ kàn ju orí wáyà náà sínú omi lábẹ́ ilé ni, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Bí omi òkun bá wọlé, tó kún, wáyà á rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Bí omi bá fà, wáyà á rọ̀ dirodiro lófuurufú, iná tó ṣìnà á sì padà wá kùn sí Alájì létí. Olówòkéré bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó so wáyà mọ́ ọ̀pá irin gígùn kan, ó gbá a wọlẹ̀ títí ó fi rì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé Olówòkéré pàṣẹ fún òkun, òkun sì gbọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Èyí ni Moríkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń rántí láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa sin òkú Olówòkéré, níbi tó jókòó sí lórí afárá pákó iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń wo Faiz, ọ̀gbẹ́ni tó ń fi ẹ̀rọ yáni ní Ìgbókòdá, tó ń já sípíkà ńláńlá láti inú ọkọ̀. Àwọn kan ń bi í léèrè ìrẹsì. Àwọn kan ń bi í léèrè pósí. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Olówòkéré ti sọ fún un kó tó kú, lójú ẹlẹ́rìí: "Ìyá Àdùkẹ́, bí wọ́n bá gbé mi síta tí ẹ̀rọ bá ń kùn, n kò ní í lọ o. N ó jókòó síbẹ̀ ni." Ní ọdún mọ́kànlélógójì tí wọ́n fi wà pọ̀, kò sí ohun tí ọkùnrin náà ní òun máa ṣe tí kò ṣe, àfi ti òrùlé ilé wọn tó ní òun máa tún ṣe.

Gbogbo ayé ló mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó máa wọlé, ó máa pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná: fáànù, fírísà, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, ṣájà fóònù. Ẹ̀rọ nìkan ló máa kù. Lẹ́yìn náà ló máa tan àwọn yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó máa tẹ́tí. "Èyí tí kíkùn bá bá dé," ó máa ń wí, "òun la ó bi." Bó bá ń kùn wúwo láti ìsàlẹ̀, ti ilẹ̀ ni. Bó bá ń ké tínrín bí ẹ̀fọn, ṣájà ni. Kò fẹ́ gbọ́ ìró mìíràn nígbà náà. Adìyẹ ní láti jáde, ọmọ ọwọ́ ní láti mú ọmú. Ní Ode Ugbo, ó bẹ olóyè kan pé kó dá èémí dúró díẹ̀. Olóyè dá a dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa rántí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń yọ síta.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kórìíra ju àrùn lọ. Bí onílé bá lè sọ pé, "Díẹ̀ ni, bí orin bá bẹ̀rẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́ ọ," Olówòkéré á gbé àga rẹ̀ sún mọ́ onítọ̀hún, á wò ó lójú. "Èmi ń gbọ́ ọ."

Bó ṣe fẹ́ Moríkẹ́ gan-an, ìtàn tí gbogbo Zion Pepe mọ̀ sórí ni, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Pa Dáfídì, bàbá Moríkẹ́, ló ra rédíógíráàmù, àpótí orin ńlá ayé ìgbà náà, ó sì ń kùn. Olówòkéré, tí irun rẹ̀ dúdú kirikiri nígbà náà, dé, ó pa gbogbo nǹkan inú ilé. Kíkùn ń lọ. Ó pa rédíógíráàmù gan-an. Kíkùn ń lọ. Ó pa jẹnẹrétọ̀, ó yọ wáyà, ó dì í mọ́wọ́. Kíkùn ń lọ ní tirẹ̀. Ó wá fi etí tọ̀ ọ́ gba inú yàrá, gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, dé ẹ̀yìnkùlé. Ọmọbìnrin kan ló bá níbẹ̀ tó ń yí ẹja ṣàwá lórí èéfín, tó pa ẹnu dé, tó ń kun orin.

Ó pẹ́ kó tó padà wọlé.

"Ṣé o ti rí i?" Pa Dáfídì bi í.

"Mo ti rí i, Bàbá."

"Ṣé ó ṣeé pa lẹ́nu mọ́?"

"Rárá, Bàbá. Èyí kò ní wáyà. Ẹ kàn jẹ́ kí n máa gbé e lọ sílé."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnì kan tó rántí rédíógíráàmù.

Ìjà kan ṣoṣo tó pẹ́ láyé rẹ̀, òun àti Pétérù ni, olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì ń kùn, ẹnì kan sì sọ fún Pétérù pé kó gé ẹsẹ̀ kẹta tó wà lára pílọ́ọ̀gì. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ni wáyà ilẹ̀ ń gbà kọjá. Pétérù gé e, kíkùn sì lọ lóòótọ́. Olówòkéré rí ẹsẹ̀ náà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ta ló gé èyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Kò kùn mọ́."

"Pétérù, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹ ló ń wúkọ́, o sì lé e lọ. Ta ló máa ṣọ́ ẹ báyìí?"

"Ọlọ́run ni, Bàbá."

"Ó dáa." Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó jáde.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Olówòkéré fi ń jọ́sìn nínú ọkọ̀ lórí omi lábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe àmín. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ìwàásù gùn, okùn ọkọ̀ tú, omi sì ń fà. Nígbà tí oníwàásù kọ́kọ́ sọ pé "ní ìparí," Olówòkéré ti dé ìdí ṣọ́ọ̀bù Beauty, aládùúgbò ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti dé kọ̀rọ̀ omi. Àmín rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé pé.

Ìgbà tí òjò wá jò sórí pákó ṣọ́ọ̀ṣì, tí Pétérù dúró lórí omi láìwọ bàtà, tó gbé máíkì kan ètè, iná inú máíkì gbá a. Ó fò sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé orin. Ìjọ ṣe àmín. Ohùn kan dáhùn lábẹ́ fèrèsé: "Ọlọ́dẹ ti lọ o!"

Ọjọ́ kejì, Pétérù fúnra rẹ̀ ló gbé pílọ́ọ̀gì tuntun wá sílé Olówòkéré, ó dọ̀bálẹ̀. Olówòkéré so ó, kíkùn padà dé, ó sì tọ̀ ọ́ lọ. Wáyà máíkì àti wáyà jẹnẹrétọ̀ ló bá níbi tí wọ́n sùn pọ̀ bí tọkọtaya. Ó tú wọn ká. Ó tán.

Òun ló wà nínú pósí báyìí, lórí afárá, Faiz sì tan ẹ̀rọ.

Ùùùn.

Moríkẹ́ dìde. "Ọ̀gbẹ́ni, ó ń kùn."

"Màmá, díẹ̀ ni," Faiz dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́ ọ."

Gbogbo èèyàn yíjú wo pósí. Pétérù fi ìwé orin bojú.

Àdùkẹ́ sún mọ́ ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, àwọn èèyàn ń dúró."

"Bàbá rẹ náà ń dúró."

Kò sí ẹni tó pàṣẹ. Khalidat, ìyàwó Alájì, kọ́kọ́ lọ, ó yọ wáyà fírísà ohun mímu. Ẹnì kan pa fáànù. Ẹnì kan yọ fóònù tó ń gba iná. Àwọn abiyamọ fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu, wọ́n lé adìyẹ. Alájì Sùlèímánì, tí orí rẹ̀ ti funfun, rìn dé etí afárá, ó bojú wolẹ̀. "Omi ti wọlé dáadáa," ó ní. "Kì í ṣe irú tèmi."

Kíkùn ń lọ.

"Ẹ dákẹ́," Moríkẹ́ wí, "kí n gbọ́."

Ó di ojú. Ó wúwo, ó ń ti ìsàlẹ̀ wá. Ti ilẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ tọ wáyà Faiz dé ìdí jẹnẹrétọ̀ Faiz, níbi tó ti ri ọ̀pá irin tirẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ó padà, ó tọ wáyà dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì dé ìdí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, lódìkejì, níbi tí ọ̀pá mìíràn wà. Láàárín dùùrù àti sípíkà, wáyà tínrín kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀.

"Ilẹ̀ méjì ni," ó ní. "Orí wáyà yìí ni wọ́n ti ń jà. Kó gbogbo rẹ̀ wá sórí jẹnẹrétọ̀ kan, ọ̀pá kan."

Faiz wò ó. "Màmá, níbo lẹ ti kàwé iná?"

"Ilé ọkọ."

Faiz pa á, ó kó o pọ̀, ó tún un tàn. Kò sí kíkùn kankan. A gbọ́ omi tó ń lá òpó lábẹ́ wa. Kò sí ẹni tó wúkọ́. Oníwàásù gbàgbé pé òun ló kàn.

Moríkẹ́ lọ gbé ọwọ́ lé pósí. "Ó ti dákẹ́, Bàbá Àdùkẹ́. Ẹ lè máa lọ."

Àwọn tó gbé e sọ lẹ́yìn náà pé ó fúyẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé inú ọkọ̀, tí Moríkẹ́ jókòó tì í, tí wọ́n tú okùn, kíkùn kan tún bẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Faiz gbé ọwọ́ lé orí, ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Pétérù dì í lápá mú, ojú rẹ̀ wà lára ọkọ̀ tó ń lọ, lára obìnrin tó jókòó síbẹ̀, tó pa ẹnu dé, tó ń wo omi.

"Fi í sílẹ̀, ọ̀gbẹ́ni," ó ní. "Èyí kò ní wáyà."