Ẹni Tí A Jọ Ń Jẹ Búrẹ́dì

Òórùn ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì lẹ́yìnkùlé wa ní Mushin ló máa ń jí mi láàárọ̀. Ìwọ náà mọ bí ilé ayálégbé ṣe rí: yàrá kọjú sí yàrá, ẹ̀rọ omi kan fún gbogbo wa. Yàrá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ẹ̀yìn ni obìnrin kan gbà nígbà tí ìjọba kó àwọn èèyàn wa padà láti Fernando Po, erékùṣù tí àwọn ará Spéìn ti ṣàkóso rí. Òun nìkan ló dé. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ilé fi ń sọ ọ́ pé májèlé ló fi pa ọkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ta ló rí i? Kò sẹ́ni tó rí i. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi: "Má jẹ́ n gbọ́ pé o gba ohunkóhun jẹ lọ́wọ́ ẹ̀ o!"

Bá a bá pàdé nídìí ẹ̀rọ, "compañera" ló máa ń pè mí. Ó ní ọ̀rẹ́ ni lédè àwọn ará Spéìn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Látìn nílé ìwé wa ní Yaba, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé mo gbé ẹ̀bùn wá. "Cum, pẹ̀lú, panis, búrẹ́dì," ó ń kọ ọ́ sójú pátákó. "Ẹni tí ẹ jọ ń jẹ búrẹ́dì. Ibẹ̀ náà ni companion àti company àwọn òyìnbó ti ṣẹ̀ wá." Ara mi ò gbà á mọ́. Obìnrin yìí ń pè mí ní ẹni tí a jọ ń jẹun, n kò sì tíì jẹ òkèlè rẹ̀ kan rí. Inú bí mi sí gbogbo ilé.

Lọ́sàn-án Sátidé, baba onílé dé. Àwọn ìyá ilé ló ránṣẹ́ sí i pé kó wá lé e jáde, ìyá mi sì ni agbẹnusọ wọn. Kí ìyá mi tó lanu, mo lọ bá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níbi tó jókòó sí pẹ̀lú búrẹ́dì nínú àwo.

"Àǹtí, ẹ fún mi jẹ níbẹ̀."

Ó ya á, ó sì fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bí ẹni tó ń fúnni lóúnjẹ ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa kí ọkàn ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lè balẹ̀. N kò jẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" ìyá mi kígbe. "Tu ú dànù!"

"Mi ò tu ú, Màámi."

Baba onílé yíjú sí ìyá mi. "Ẹ̀yin lẹ lọ́rọ̀ í sọ. Kí lobìnrin yìí ṣe?" Ìyá mi wò mí bí mo ṣe ń jẹ lọ. Báwo ló ṣe máa pe oúnjẹ tí ọmọ òun ń jẹ ní májèlé? Baba onílé pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbájú tí mo jẹ lẹ́yìn ìyẹn kò kéré, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò kó jáde. Ọjọ́ náà ló yé mi pé ẹni tí n kò bá lè bá jẹun lójú àwọn tó kórìíra rẹ̀, n kò gbọdọ̀ pe ara mi lọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.